Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Ṣìgìdì Kọ́ Ló Ń Gun Àyà Yín

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, èyí tó jẹ mọ́ ọkàn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mo ṣa márùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè nípa orúnkún, ẹ ṣe sùúrù, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági, ẹni ọdún 52 ni mí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ru ìdì aṣọ gun àtẹ̀gùn yẹn láìdúró. Láti ìgbà ọdún Iléyá, mo gbọ́dọ̀ sinmi lágbedeméjì, màá sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Lóru, bí oorun bá ti ń gbé mi lọ, á dà bíi pé ẹnìkan jókòó lé mi láyà, màá ta jí, màá sáré síbi fèrèsé. Wọ́n ti gbàdúrà fún mi, wọ́n ní ṣìgìdì ni. Oníkẹ́mísì ní ọgbẹ́ inú ni, ó fún mi ní oògùn olómi funfun. Bàtà mi ò sì gba ẹsẹ̀ mi mọ́ nírọ̀lẹ́. Ṣé ọjọ́ orí náà ni? — Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

Ìyá Aláṣọ, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́ yékéyéké. Kì í ṣe ọjọ́ orí, mi ò sì rò pé ọgbẹ́ inú ni. Ohun tí ẹ kọ yìí jọ ti ọkàn tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún, tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́. Mi ò lè tinú lẹ́tà yẹ̀ yín wò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá ka èyí gan-an ni kí ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹ má sọ pé ó di lẹ́yìn ọjà Sátidé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń jókòó lé yín láyà fún yín. Bí ọkàn bá ti rẹ̀, omi á máa sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ lójú ọ̀sán, nígbà tí ẹ bá wà nídìí ọjà. Òun ni bàtà fi ń fún yín nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá wá sùn gbalaja lóru, omi yẹn á gbéra lẹ́sẹ̀, á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn tó ti rẹ̀ ò ní lè gbé e, ló bá di inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti rin gbingbin ò lè gba atẹ́gùn sára. Ẹ ó ta jí, ẹ ó jókòó, omi á tún sọ̀ kalẹ̀, ara á fúyẹ́. Ẹni tó ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á ní àdúrà ti gbà. Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà o. Ẹ gbà á nínú ọkọ̀, bí ẹ ti ń lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ìyá kan bá ti ní ó ń rẹ òun, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni pé, "Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn?" Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ìrọ̀rí àwọn. Àmọ́ ẹni tó ń fi ìrọ̀rí kan sùn lọ́dún tó kọjá, tó di méjì, tó di mẹ́ta, tó wá di pé orí àga ló ń sùn mọ́jú, ó ti sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni màá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, màá ka ení, èjì títí dé àrún, màá gbé ọwọ́ kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn wọlé, tó dúró bẹ́ẹ̀ bíi fùfú tí wọ́n fìka tẹ̀, omi nìyẹn, kò sí ọ̀rọ̀ sísanra níbẹ̀. Ẹ lè ṣe é fúnra yín nírọ̀lẹ́ òní kí ẹ tó wọkọ̀.

Kí ló ń sọ ọkàn di báyìí? Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí wọn. Ní Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, àwọn dókítà ṣàkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n gbé wá torí pé ọkàn wọn ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, láti 2009 sí 2010. Èèyàn 452 ni. Nínú 100 wọn, bíi 78 ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí wọn, tí a bá pín in dọ́gba-n-dọ́gba, kò ju nǹkan bí 57 lọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe àwọn arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni. Ẹni tó ṣì ń ta ọjà, tó ṣì ń sanwó ilé ìwé ọmọ, ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà kì í dun èèyàn. Ó lè bá yín gbé fún ọdún mẹ́wàá láìfọhùn, kí ọkàn máa nípọn, kó máa wú, kí ẹ tó mọ̀.

Bí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ má kàn sọ pé "ó ń rẹ̀ mí" kí ẹ dákẹ́. Gbogbo obìnrin Ìbàdàn ló ń rẹ̀. Oògùn ibà ni wọ́n á kọ fún yín. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi ni kí ẹ sọ ọ́: àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, fèrèsé lóru, bàtà nírọ̀lẹ́. Wọ́n á wọn ìfúnpá yín, wọ́n á lẹ wáyà mọ́ yín láyà ṣe ECG láti wo bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n á ya fọ́tò àyà, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ láti wo kíndìnrín. Sikáànì ọkàn, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́kò, ni yóò fi han bí ọkàn ṣe ń fún pọ̀ tó. Owó rẹ̀ lè ga o, ẹ bèèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó lọ, àmọ́ ẹ má torí rẹ̀ jókòó sílé, nítorí dókítà lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí ẹ tó rówó ṣe é. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́mísì fún yín ní diclofenac tàbí ibuprofen torí ẹ̀yìn tó ń ro yín. Wọ́n máa ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára, wọ́n sì ń ti ìfúnpá sókè.

Bí èémí bá há yín gádígádí lóru òní kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n gbé yín jókòó, kí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, kí wọ́n wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹnìkan sọ fún wa ní ìpàdé obìnrin ìjọ wa pé kí obìnrin tó bá ti lé ní 40 ọdún máa mu Alábùkún kan lójoojúmọ́, kí ọkàn má baà dáṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Láti Ìkòròdú

Rárá o. Mo mọ̀ pé ọmọ Ìkòròdú ni Jacob Odulate tó dá iṣẹ́ Alábùkún sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1918, nítorí náà ẹ má bínú sí mi. Aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀. Aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń kọ ọ́ fún ẹni tí òpó ọkàn rẹ̀ ti dí rí. Ẹni tí kò ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru láìmọ̀, lè torí ẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ sínú ikùn, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ tú sí i nínú ọpọlọ. Ẹ ní kí arábìnrin yẹn gbé ẹ̀rọ BP wá sí ìpàdé tó kàn.

Màmá, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbà ni mo ń ṣe ní Manchester, òru ni mo sábà máa ń ṣe é. Ẹni ọdún 47 ni mí. Lóru ọjọ́ kan tí mo ń yí bàbá kan padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí títí dé àgbọ̀n, bí ìgbà tí eyín ń dunni. Òógùn tútù bò mí, mo bì, ẹ̀yìn mi sì wúwo. Àyà ò dùn mí rárá. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó lọ. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan oṣù tó fẹ́ dá ló ń fa irú ẹ̀. Ó tún ṣe mí lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí mo ń gun òkè lọ sílé. Mi ò fẹ́ yọ àwọn ambulance lẹ́nu lórí ohun tí ò tó nǹkan. — Ọmọ yín l'Óyìnbó

Ọmọ mi, yọ wọ́n lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ń gbowó oṣù fún nìyẹn. Pe GP rẹ, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ, tàbí 111 tó wà fún ìmọ̀ràn ìlera lónìí, kí o tó lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, kí o sọ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yìn ń ro ọ́ bí o bá ti ṣe iṣẹ́ agbára, pé o làágùn, o sì bì, pé ó ti di ẹ̀ẹ̀kejì. Bó bá tún dé kó o tó rí wọn, 999 ni, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀. Má wa mọ́tò fúnra rẹ, má wọ bọ́ọ̀sì.

Sinimá ló bà wá jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá kan á di àyà mú, á ṣubú lulẹ̀, gbogbo wa á mọ̀ pé ọkàn ni. Lóòótọ́, àyà ló sábà máa ń sọ̀rọ̀ jù lára obìnrin náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé tiwa kì í dé àyà. Àmọ́ ó lè máà jẹ́ ìrora. Ó lè jẹ́ kó máa wúwo, kó máa fún, kó máa ta bí ìgbà tí èèyàn jẹ àjẹjù. Ju ti ọkùnrin lọ, tiwa máa ń kó àwọn mìíràn dání: ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọrùn, àárín ẹ̀yìn, apá, èébì, òógùn tútù, èémí tí kò délẹ̀, àárẹ̀ tí oorun ò lè wò. Nígbà mìíràn, àwọn wọ̀nyí nìkan ló máa wá, bó ṣe rí fún ọ.

Mo rántí ìyá olùkọ́ kan tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, tó ń ta sánsán Robb láti ọrùn dé ìdí. Ẹ̀yìn ló ní ó ń ro òun, láàárín eegun èjìká méjèèjì, láti àná. Ọmọ rẹ̀ ti fi Robb pa á tán nílé. Ó ní ká dákun ká yára, ìpàdé òbí àti olùkọ́ ń bẹ níwájú òun ní aago méjìlá. Mo wo ojú rẹ̀, ó ti funfun bí ẹfun, òógùn sì ń ṣàn wálẹ̀ létí rẹ̀ nínú yàrá tí a ti tan fáànù. Nígbà tí bébà ECG jáde, dókítà ò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀ ló ti dí. Ìpàdé rẹ̀ kọjá, òun ò kọjá.

Bó o bá dé ọ̀dọ̀ wọn tí ECG àkọ́kọ́ bá dára, má tètè yọ̀. Bèèrè bóyá wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní troponin, èyí tó ń fi hàn bí ọkàn bá fara pa; wọ́n sábà máa ń tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nítorí ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó fojú hàn. Bí wọ́n bá ní gáàsì ni, bi wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Kí lẹ fi mọ̀ pé kì í ṣe ọkàn?" Sọ fún wọn bí ìyá rẹ tàbí arábìnrin rẹ bá ti ní àrùn ọkàn kó tó pé 65 ọdún, tàbí bàbá àti arákùnrin kó tó pé 55. Sọ bó o bá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà nígbà tó o wà nínú oyún, kódà bó ti pé ogún ọdún.

Ní ti nǹkan oṣù, ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ò purọ́ tán. Ó máa ń mú kí ara gbóná lójijì, kí obìnrin làágùn, kí ọkàn sáré díẹ̀. Àmọ́ kì í yan ìgbà tó o bá ń gbé ohun tó wúwo tàbí tó o bá ń gun òkè. Ìgbà tí nǹkan oṣù bá dá sì ni ọkàn obìnrin túbọ̀ ń fẹ́ àmójútó, nítorí èròjà ara tí wọ́n ń pè ní estrogen, tó máa ń dáàbò bo òpó ẹ̀jẹ̀, ti dín kù. Bó bá dá kó o tó pé 40, ewu náà tún pọ̀ sí i. Ní England, wọ́n máa ń pe ẹni tó wà láàárín 40 sí 74 ọdún, tí kò tíì ní àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà, wá fún àyẹ̀wò ara tí wọ́n ń pè ní NHS Health Check lọ́dún márùn-ún márùn-ún, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọn ò bá pè ọ́, ìwọ pè wọ́n. Mo mọ̀ yín, ẹ̀ ń tọ́jú àgbà tó kù, ẹ ò ráyè tọ́jú ara yín.

Ẹ̀yin tó wà nílé, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì tiwa, 767 náà wà fún àwọn ará Èkó. Pẹ̀lú ìyẹn, ẹ fi nọ́ńbà ẹnìkan tó ní mọ́tò ládùúgbò sórí fóònù yín, ẹni tó lè dìde lóru.

Ẹ káàárọ̀ Mà. Ìyàwó mi bímọ kejì, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń wúkọ́ lóru, tí ó bá dùbúlẹ̀ ìkọ́ náà á le sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú ju ti ìgbà oyún lọ. Ìyá mi ní òtútù ló wọ̀ ọ́ lára, pé kó máa mu àgbo, kó máa fi omi gbígbóná wẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà oyún ṣùgbọ́n wọ́n ní ìbímọ ló máa parí ẹ̀. — Bàbá Ọmọ Tuntun, Òṣogbo

Bàbá Ọmọ Tuntun, ẹ gbé ìwé ìròyìn yìí sílẹ̀ kí ẹ gbé ìyàwó yín lọ sí ọsibítù ńlá lónìí. Ẹ gbé ọmọ náà dání, ó ṣì ń mu ọyàn.

Àìsàn ọkàn kan wà tó máa ń mú obìnrin láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí di bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Ọkàn tó le koko tẹ́lẹ̀ á kàn wú, á rọ. A máa ń rí i gan-an ní Nàìjíríà, pàápàá lókè Ọya, kò sì yọ ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ó jọ wàhálà ọmọ títọ́: àárẹ̀, àìsùn, ẹsẹ̀ wíwú. Ìkọ́ tó ń le nígbà tí èèyàn bá dùbúlẹ̀ ni kò jọ ọ́. Bí wọ́n bá tètè mú un, ọ̀pọ̀ ni ọkàn wọn máa ń padà bọ̀ sípò. Ẹ sọ fún dókítà pé ó ń fún ọmọ lọ́yàn, kí wọ́n lè mọ oògùn tí wọ́n máa yàn. Ẹ sì má ronú oyún mìíràn títí tí dókítà ọkàn yóò fi sọ̀rọ̀ sí i.

Ẹ má bá Ìyá jà. Wọ́n ti fi omi gbígbóná wẹ ọ̀pọ̀ ọmọ àti ìyá tó yè. Ẹ kàn ní ẹ ń lọ fi ìyàwó han dókítà, ẹ ń bọ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún: ìbímọ máa ń mú un wálẹ̀ lóòótọ́, kì í parí ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tó ti ní irú rẹ̀, àgàgà tí èròjà protein bá jáde nínú ìtọ̀ rẹ̀ tàbí tó ní gìrì, ó ṣeé ṣe fún un ju ẹlòmíràn lọ láti ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn lọ́jọ́ iwájú. Káàdì aboyún tí ẹ fẹ́ jù nù yẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì ìwé ilé. Kó máa wọn ìfúnpá rẹ̀ lọ́dọọdún, ó kéré tán.

Màmá Nọ́ọ̀sì, ata ni màmá mi ń tà ní Bódìjà, ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Dókítà fún wọn ní oògùn méjì fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ń lo ọ̀kan, ṣùgbọ́n èyí tó ń mú èèyàn tọ̀, wọn kì í fẹ́ lò ó. Wọ́n ní àwọn mọ ara àwọn, pé kò sóhun tó ń ṣe àwọn. 172/98 ni BP wọn nígbà tá a lọ kẹ́yìn. Mo ti bá wọn jà títí. — Ọmọ Aláta

Ọmọ Aláta, dáwọ́ ìjà dúró, kí o bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń tọ̀ lọ́jà. Mo fi owó mi tẹ́ ẹ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé ìtọ̀ jìnnà, owó ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, inú rẹ̀ ò sì ṣeé wọ̀. Ta ni yóò máa ṣọ́ ata? Oníbàárà tó bá dé tí kò bá wọn nídìí ọjà, iwájú ni yóò kọjá sí. Mo ti rí àwọn ìyá tí kì í fi omi kan ẹnu láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń palẹ̀ ọjà mọ́, nítorí ìtọ̀ yìí nìkan. Irú wọn wá fẹ́ gbé oògùn tó ń mú ni tọ̀ mì ní aago mẹ́fà ìdájí? Dókítà tó kọ ọ́ ò bèèrè, Màmá náà ò sọ, torí ojú ń tì wọ́n.

Bá wọn lọ, kí o bá wọn sọ ọ́. Dókítà lè ní kí wọ́n máa lò ó nígbà tí wọ́n bá ti ọjà dé, bí ìyẹn bá máa jẹ́ kí ìtọ̀ náà tán kí wọ́n tó sùn. Ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí amlodipine bá ń wú wọn lẹ́sẹ̀, tàbí tí lisinopril bá ń fún wọn ní ìkọ́ gbígbẹ: oògùn tó lè rọ́pò wọn wà. Kí wọ́n má kàn dá a dúró fúnra wọn, nítorí 172/98 yẹn ń ṣiṣẹ́ lọ lára ọkàn àti kíndìnrín wọn, wọn ò kàn gbọ́ ìró rẹ̀ ni.

Bí agbára rẹ bá ká a, ra ẹ̀rọ BP tó ń so mọ́ apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Kí wọ́n ti tọ̀ kí o tó wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n má jẹ obì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, caffeine wà nínú obì. Kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kí wọ́n bọ́ ọwọ́ bùbá kúrò, kí wọ́n gbé apá lé tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba. Kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀, èyí ló máa le jù lọ́dọ̀ aláta. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, fi bí ìṣẹ́jú kan sáàárín, kọ méjèèjì sínú ìwé kékeré pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí o sì mú ìwé náà dání lọ bá dókítà.

Iyọ̀: gbogbo èyí tí wọ́n máa jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí kékeré kan lọ, iyọ̀ inú magí sì wà nínú rẹ̀. Àlùbọ́sà, ẹfinrin, irú tí wọn ò fi iyọ̀ sí, àti ata tí wọ́n ń tà fúnra wọn, ìwọ̀nyí lè gbé ọbẹ̀ dìde láìsí magí mẹ́rin. Wọ́n á kọ́kọ́ bínú.

Bí nọ́ńbà òkè bá dé 180 tàbí ti ìsàlẹ̀ dé 120, tí orí sì ń fọ́ wọn burúkú, tí ojú ń ṣú, tí àyà ń dùn, tí èémí ò délẹ̀ tàbí tí ẹnu wọ́, má dúró kọ ọ́ sínú ìwé. Ọsibítù tààrà ni, kí ẹnìkan bá yín kó ata wọlé.